Irú Màmá Ìdùnnú

Kò sí àlejò tó wọ ilé oúnjẹ Fisáyọ̀ ní Kàbbà tí kò ní gbọ́ ìfọ́nnu rẹ̀ nípa irú. Ọ̀gá ni nínú oúnjẹ sísè, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Láti Àbújá ni wọ́n ti ń wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí àkókò bá mú wá ló ń sè, olú nígbà òjò, èsúrú nígbà ọyẹ́, orúkọ àgbẹ̀ tó gbìn ín kò sì ní ṣàì jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá kan irú, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀: Màmá Ìdùnnú, opó kan ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀.

“Ẹ dì mí lójú,” ló máa ń wí, “kí ẹ kó irú gbogbo ilẹ̀ Okun síwájú mi. Màá mú ti Màmá Ìdùnnú jáde.” Màmá Ìdùnnú fúnra rẹ̀ ti gbọ́ ọ rí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Fisáyọ̀ yà gba irú lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní òun ń lọ wá oyin ní Àmùró.

“Ìwọ nìkan?”

“Èmi nìkan ni, Màmá.”

“Ọ̀nà ò dára mọ́ o, ọmọ mi. Ibo lo máa gbà?”

“Ọ̀nà oko àtijọ́, ó yá jù. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.”

Obìnrin náà mi orí, ó ṣàdúrà fún un, ó sì bu ènì lé irú rẹ̀.

Wọn kò jẹ́ kó dé Àmùró. Ìbọn ló kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà kò rí nǹkan kan mọ́, nítorí wọ́n fi aṣọ dì í lójú pinpin. Wọ́n fà á wọ igbó títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bó. Ẹ̀rù bà á, kì í ṣe kékeré. Bí ewé gbígbẹ bá ró lẹ́yìn rẹ̀, á rò pé ó ti parí nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ló ń rò, torí ìyá náà kò bí ọmọ mìíràn.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé oúnjẹ sí i lọ́wọ́. Iyán tó ṣì gbóná ni, àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ahọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìtọrọ àyè. Epo ìlú Ìyàrá nìyí. Ẹ̀gúsí yìí, ti agbègbè wa ni. Ṣùgbọ́n irú kò sí níbẹ̀, àyà rẹ̀ sì já. Ọmọ Okun wo ló ń se ẹ̀gúsí láìfi irú sí i? Àjèjì ni àwọn wọ̀nyí, ó rò ó lọ́kàn, ẹni tí kò mọ ìyá òun, tí àánú òun kò sì ní ṣe.

Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ jáde. “Ẹ bá mi kí ẹni tó sè é. Irú nìkan ló kù.”

Ó ká ara jọ, ó ń retí ìdí ìbọn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì rìn lọ.

Ẹbí san ohun tí wọ́n bèèrè, wọ́n wá já a sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Láti ìgbà tó ti délé, bí ilẹ̀kùn bá dún, á fò sókè. Kò sọ ohun tójú rẹ̀ rí fún ẹnikẹ́ni, ìyá rẹ̀ pàápàá, ká má tíì sọ ohun tó jẹ. Ojú ń tì í pé ọbẹ̀ ni òun ń tọ́ wò nígbà tí ikú dúró ti òun.

Màmá Ìdùnnú wá kí i bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nílẹ̀ Okun. “Okun o, ọmọ mi. Okun.” Ó dì mọ́ ọn, ó sunkún débi pé ìyá Fisáyọ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ara Fisáyọ̀ tó ti ń gbọ̀n láti ọjọ́ náà wá balẹ̀ díẹ̀. Obìnrin náà nu ojú, ó ṣí kúlà tó gbé wá, òórùn ẹ̀gúsí sì gba inú ilé.

“Jẹun, ọmọ mi,” ó ní. “Mo ti fi irú sí i lọ́tẹ̀ yìí.”