Ọkọ̀ Tó Yára Dojú Dé

"Bàbá, nínú gbogbo ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, èwo ló yára dojú dé jù?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà náà sọ òòlù rẹ̀ kalẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń kan ọkọ̀ fún àwọn tó ń pẹja lórí adágún, kò sì tíì sí oníbàárà tó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo obìnrin náà láti òkè dé ilẹ̀. Kò rí ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀.

"Ìyàwó, ta ló rán ọ wá fi mí ṣẹ̀sín? Ọkọ̀ tèmi kì í dojú dé." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọkọ̀ kan tó fẹ̀ bí ọpọ́n. "Wo ìdí èyí, bó ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ. Omi orúnkún gbé e. Kí ọkùnrin mẹ́ta dìde sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kò ní mira. Adágún wa yìí, ibi tí kò jìn ló pọ̀ jù níbẹ̀, irú èyí ló sì bá a mu."

"Mo mọ̀ ọ́n. Irú rẹ̀ la rà lọ́wọ́ yín ní ọdún méje sẹ́yìn."

"Ó wá dojú dé ni?"

"Rárá o. Láàárín adágún ló dúró gbọn-in sí, títí wọ́n fi wá fà á wálé."

"Ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́ yẹn!"

Obìnrin náà yíjú sí ọkọ̀ pẹrẹsẹ náà. Ó wo ọkọ̀ náà bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó jẹ́rìí èké mọ́ ọn, ó sì kọjá lára rẹ̀. Ọkọ̀ tóóró kan fara ti ògiri lẹ́yìn, ìdí rẹ̀ rí roboto. Pákó àṣẹ́kù ló fi kàn án, ojú sì ti ń ti gbẹ́nàgbẹ́nà náà láti tà á. Obìnrin náà fi ìka kan tì í. Ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì.

"Èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn? Bí o bá sín nínú rẹ̀, inú omi lo ti máa gbọ́ 'pẹ̀lẹ́'."

"Òun ni mo fẹ́. Ẹ gbé ìjókòó rẹ̀ sókè sí i."

"Sókè kẹ̀? Á túbọ̀ máa fì ni."

"Mo gbọ́. Ẹ so kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì mọ́ abẹ́ ìjókòó náà, bó bá ti dojú dé, kó má rì. Mo ṣì máa lò ó lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ ta okùn yí etí rẹ̀ ká. Ẹ fi sánpépà fá a dáadáa, kó má ha ènìyàn lára."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu gbẹ́nàgbẹ́nà náà.

"Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?"

"Ọkọ mi ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Láàárọ̀ Sátidé, níbi tí igi gbígbẹ wà yẹn."

"Omi ibẹ̀ dé àyà. Ṣé ọkọ rẹ lè lúwẹ̀ẹ́?"

"Nígbà tá a wá ra ọkọ̀ lọ́dọ̀ yín, kò lè lúwẹ̀ẹ́. Òwe ló máa ń pa fún mi, pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ."

"Òótọ́ ló pa. Èmi tí o ń wò yìí, omi kì í kọjá orúnkún mi. Ẹni tó bá ti ní ọkọ̀ gidi, kí ló fẹ́ fi ìlúwẹ̀ẹ́ ṣe?"

"Gbólóhùn tẹ́ ẹ sọ fún wa lọ́jọ́ náà gan-an nìyẹn." Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ rẹ̀ ti funfun lára etí ọkọ̀ tó dì mú.

"Obìnrin yìí, kí ni ọkọ rẹ ṣe ọ́ tó báyìí?"

"Ó ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin náà ṣẹ̀ mí. Ẹ bá mi ṣe ọkọ̀ mi."

Inú bí gbẹ́nàgbẹ́nà náà débi pé ó fẹ́ lé e jáde. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí òun kò bá tà á, ẹlòmíràn yóò tà á, òun kò sì ní mọ ọjọ́ tàbí ibi tó máa ṣẹlẹ̀. Ó ṣe ọkọ̀ náà. Ìṣó kọ̀ọ̀kan tó gbá, bí ẹni ń gbá a mọ́ orí ẹnì kan ni.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó gba inú koríko etí omi tó ga jù ú lọ sáré lọ síbi igi gbígbẹ. Bó ṣe yọrí báyìí, ó rí ọkọ̀ tóóró náà. Ọkùnrin kan jókòó gẹlẹtẹ sórí ìjókòó gíga, ó ká apá mọ́ àyà. Obìnrin náà dúró tì í nínú omi tó mù ún dé àyà, ojú rẹ̀ le bíi ti ọjọ́sí.

"Ọ̀gbẹ́ni, bọ́ sílẹ̀! Ó fẹ́ pa ọ́!"

Ọwọ́ obìnrin náà yá ju ohùn rẹ̀ lọ. Ó fi méjèèjì tẹ etí ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, ọkọ̀ sì dé mọ́ ọkùnrin náà lórí bí ọmọrí ṣe ń dé ìkòkò. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà kó sómi pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Nígbà tí omi dé orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò gbé e síwájú mọ́. Ibẹ̀ ló dúró sí, tó ń ké.

Orí ọkùnrin náà yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó di okùn etí rẹ̀ mú, ó fẹ́ omi jáde ní imú, ó sì kígbe sí àwọn ọmọdé bí ogún tó wá kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n tò jókòó sábẹ́ igi gbígbẹ, pé, "Ẹ rí i bí mo ṣe ṣe é? Ta ló kàn?" ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ na ìka sí gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbọ̀n nínú omi orúnkún, ó ní fún ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá yìí ló kàn. Bó ṣe dúró tó ń ké yẹn ni ìwọ náà ṣe dúró, tó o ń ké, nínú ọkọ̀ rẹ̀ tí kì í dojú dé, lọ́jọ́ tí ọmọ wa já bọ́ sómi."