Epo Ẹja Inú Yàrá Ìdánwò

Iṣẹ́ Àǹtí Òṣùwọ̀n ni láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ti ba epo ẹja jẹ́ nínú hóró oògùn kó tó kúrò nílé iṣẹ́. Á gé hóró, á fún epo rẹ̀ sínú ìgò, á máa kán omi ìdánwò sí i títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi pòórá. Bí ẹ̀kán omi náà bá ti pọ̀ jù, epo ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni Ọ̀gá. Afínjú ni, fìlà kì í kúrò lórí rẹ̀, ooru ìbáà mú. Ó ti bi Àǹtí rí bóyá òótọ́ ni pé epo ẹja ló ń mú irun ológbò ilé iṣẹ́ dán, Àǹtí sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọjà tí kò bá yege, Ọ̀gá kì í fi rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ dànù.

Nígbà tó yá, wàhálà dé. Bí Ọ̀gá bá ti wọ yàrá ìdánwò, á yínmú, á ní epo ń rùn. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á gbà pé òótọ́ ni. Ológbò pàápàá, ọ̀lẹ tí kì í kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù, á na imú sókè. Àǹtí á tún epo náà wọ̀n, kò ní rí àléébù kankan.

“Ìyàwó wa,” Ọ̀gá wí, “imú mi kì í parọ́. Bí mo bá tún gbọ́ òórùn yìí lọ́la, wàá máa lọ sílé.”

“Ẹ ṣàánú mi, Bọ̀dá mi.”

Àǹtí sunkún délé. Ọkọ rẹ̀ ní kò sẹ́ni tó lè bá ẹ̀gbọ́n òun jà kó jàre.

Lọ́jọ́ kejì, ó fọ ilẹ̀, ó fọ ìgò, ó fọ aṣọ iṣẹ́, ó ṣí gbogbo fèrèsé. Àwọn òṣìṣẹ́ wọlé, wọ́n fín imú títí, wọn ò gbọ́ nǹkan kan àfi ọṣẹ. Inú Àǹtí dùn dé ìdí.

Ni Ọ̀gá bá wọlé. Gbogbo wọn fọwọ́ bo imú.

“Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ,” Ọ̀gá wí. “Ìyàwó wa, kó ẹrù rẹ.”

Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni òógùn bò ó, ó ṣí fìlà kó fi nujú, epo ẹja sì ṣàn láti orí pípá rẹ̀ wá sí etí, irun mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù dúró ṣánṣán láàárín rẹ̀, ológbò bá fò láti orí kọ́bọ́ọ̀dù bà lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá a.