Èènì Ìyá Akàn

Ààlọ́ o! Ẹni tí kò bá ní bá mi gbè é, kó yáa lọ sùn. Àlọ́ mi wọ inú òkun, ó lúwẹ̀ẹ́ títí, ó gúnlẹ̀ sí ọjà ẹja kan ní erékùṣù tí Ológbò ọ̀kánjúwà ti wá ṣàbẹ̀wò.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹni tó bá rajà ni wọ́n ń fún ní èènì. Ti Ológbò kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá dé ìsọ̀ kan, á ní, "Ẹ kú ìpàtẹ, ìyá mi. Ẹ kọ́kọ́ fún mi ní èènì, kí n fi mọ̀ bóyá n ó rà á." Á jẹ ẹ́ tán, á yínmú, á bọ́ sí ìsọ̀ mìíràn. Ikùn rẹ̀ ti rí bí agbè, agbọ̀n rẹ̀ ṣófo, ó tún ń kọrin:

Ẹ fún mi léènì o,
*Rà á ná!*
Èènì dùn ju ọjà lọ,
*Rà á ná!*

Ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Akàn. Ìyá Akàn rẹ́rìn-ín. "Oníbàárà mi, ya ẹnu."

Ológbò ya ẹnu. Ìyá Akàn na ọwọ́ tó dà bí ẹ̀mú, ó gbá a létè mú. "Èènì tèmi nìyẹn. Bí o bá rajà, n ó tú ọ sílẹ̀."

Ológbò figbe ta. "Ẹ gbà mí o!"

Gbogbo ọjà gbè é: "Rà á ná!"

Agbọ̀n òfo rẹ̀ ló fi ra ẹja kan tó ti ń rùn kó tó bọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí ológbò bá jẹun tán, á máa fọwọ́ nu ètè léraléra. Ẹ má pè é ní ìmọ́tótó o. Ó ń wò ó bóyá Akàn ṣì wà níbẹ̀ ni.