Káàdì Tí Karin Kò Yí Padà Wò

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré àti gọ́ọ̀mù nílé.

Ọjọ́ Ajé

Karin ń gbé ní Fergus Falls, ní Minnesota, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, Tilda, ọmọ ọdún márùn-ún, àti Nils, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyá Karin, Ardis, máa pé ọgọ́rin ọdún ní Sátidé, ni wọ́n bá jókòó sídìí tábìlì láti fọwọ́ ara wọn ṣe káàdì fún un. Iṣẹ́ ọwọ́ Karin mọ́, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn ín. Tirẹ̀ ló gbájú mọ́ nígbà tí Tilda béèrè ohun tí òun máa kun àwòrán sí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Mú káàdì kan nínú agolo."

Agolo méjì ló wà níbẹ̀. Káàdì òfìfo kún ọ̀kan. Inú èkejì ni Karin tọ́jú káàdì kan ṣoṣo sí, èyí tí Ardis fọwọ́ kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe lefse, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi pòtétò ṣe. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún Ardis, kò kọ̀wé mọ́. Káàdì yẹn nìkan ni ìkọ̀wé rẹ̀ tó kù.

Agolo tí ọwọ́ Tilda tó ló ṣí. Ó kun òdòdó pupa ràgàjì kan. Nils fi àtẹ́lẹwọ́ tó kún fún gọ́ọ̀mù tẹ̀ ẹ́.

"Ha, èyí ò ṣe é fi ránṣẹ́ sí Màmá Àgbà," ni Karin wí. "Tèmi la máa fi ránṣẹ́."

Kò yí i padà wò. Ó jù ú sínú àpótí pépà àlòkù, ó ní kí Tilda kọ orúkọ sí èyí tó rẹwà, kó sì lẹ àpòòwé pa.

Ọjọ́ Bọ̀

Karin gbé àpótí náà síta, ọkọ̀ sì kó pépà àlòkù lọ.

Ọjọ́ Ẹtì

Karin se pòtétò, ó ṣí agolo tó tọ́jú ìwé lefse sí. Òfìfo ni. Ó bi Tilda.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n mú káàdì nínú agolo, Mọ́mì."

Karin sáré jáde láìwọ bàtà. Yìnyín nìkan ló wà nínú àpótí náà. Ó padà wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, kò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá òun. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù dún. Ardis ni.

"Karin, ṣé pépà ti wọ́n ní Fergus Falls ni, tí ẹ fi ń kun òdòdó sẹ́yìn ìwé mi?"

Káàdì méjì ló bá nínú àpòòwé. Ẹkún àti ẹ̀rín gba ẹnu Karin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bi Tilda pé kí ló dé tó fi lọ yọ ọ́ nínú àpótí.

"Àyè ṣì wà nínú àpòòwé," ni ọmọ náà wí.

Sátidé

Wọ́n jọ ṣe lefse náà nílé Ardis. Àwọ̀ pupa òdòdó ti rin dé ojú ìwé náà, ó bo ìwọ̀n bọ́tà, Ardis alára kò sì rántí rẹ̀ mọ́. Wọ́n fojú wọ̀n ọ́n. Ó pọ̀ jù díẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo ojú ọmọ kí ẹ tó ní kó mú nǹkan. Kí ẹ tó ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nù, ẹ yí i padà wò. Orí ló kó Karin yọ. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa wá àyè nínú àpòòwé fún ohun tí ẹ jù nù.