Ṣùkúrù Sin Ìyá Rẹ̀ Sínú Ìwé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn fi ojú fo ìtàn yìí. Ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò rí yín lára.

1.
Lọ́dún tí ìjì líle jà ní Òkè-Ògùn, abúlé kan wà lẹ́bàá Ogbooro tí òrùlé mẹ́ta péré ṣẹ́kù sí. Odò kún, ó gbé ebè iṣu lọ, ògiri wó lu ènìyàn. Ẹni méje ló kú. Àwọn aláàánú láti òkè òkun ní àwọn yóò fún gbogbo ilé ní páànù, àti pé ilé tí ẹnì kan bá ti kú, àwọn yóò kọ́ ilé bulọ́ọ̀kù oníyàrá méjì fún wọn.

Ṣùkúrù ni abúlé ní kó kọ orúkọ àwọn onílé àti ti àwọn tó kú, torí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá nídìí ìwé. Ilé kan náà lòun àti Àwáwù ìyá rẹ̀ ń gbé. Ìjì ti ká òrùlé yàrá ìyá náà, ọ̀rá ni wọ́n ta bò ó.

2.
Nígbà tó kọ orúkọ òkú méje tán, ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára ilé bulọ́ọ̀kù. Ìyá òun ṣáà ti darúgbó, ta ni yóò mọ̀? Tùfíàsì! Ọmọ tí wọ́n fún lọ́mú mú bírò, ó kọ ẹni kẹjọ: Àwáwù Àríyọ̀, ògiri ló wó pa á.

Yíǹkì náà kò tíì gbẹ tí ìyá fi gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá bá a.

"Ṣùkúrù, o ò tíì jẹun látàárọ̀. Ṣé o ti kọ orúkọ tèmi?"

"Mo ti kọ ọ́, Ìyá mi."

"Ọlọ́hun á bù sí i fún ẹ."

Ó ṣe àmín. Ó sì jẹ ẹ̀kọ náà tán.

3.
Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò dé pẹ̀lú ọkọ̀ páànù, gbogbo abúlé pé síwájú ilé ẹ̀kọ́. Obìnrin òyìnbó kan ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn tó kú láti bu ọlá fún wọn. Ògúndìran, tó ń túmọ̀ fún un, ló ń kà á. Ṣùkúrù ti ní kí ìyá rẹ̀ jókòó sílé, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ pé páànù dé tí yóò jókòó sábẹ́ ọ̀rá? Ìgbà tí wọ́n ti ń ka orúkọ lọ ló dé, kò mọ̀ pé ti òkú ni.

"Àwáwù Àríyọ̀!"

"Èmi rè é o!" Ìyá náà fi ọ̀pá tilẹ̀, ó dìde, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ẹ ṣeun o. Páànù mélòó ló kàn mí?"

Ògúndìran gbé ojú kúrò nínú ìwé.

"Màmá," ni Ògúndìran wí jẹ́jẹ́, "àwọn tó kú là ń pè."

Ìyá wo Ṣùkúrù. Ṣùkúrù wo ilẹ̀, ó ń wá ihò tí òun ì bá wọ̀.

"Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ," ni ìyá wí. "Èmi bímọ lóòótọ́. Ojú mi là sílẹ̀ lọ́mọ mi sin mí."

4.
Àwọn àlejò ní bí ènìyàn bá lè pa ìyá rẹ̀ sínú ìwé, àwọn kò lè gba ìyókù orúkọ gbọ́. Ọkọ̀ páànù padà sí Ṣakí títí wọn yóò fi tún orúkọ kọ láti ilé dé ilé. Oṣù méjì gbáko ni òjò fi pa àgbà, tó pa ọmọdé. Òtútù wọ Àwáwù láyà lábẹ́ ọ̀rá, ikọ́ dá a dúbúlẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí páànù dé ló jáde láyé.

Níbi sàréè, Ṣùkúrù ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó fẹ́ wọ inú kòtò lọ gba òkú ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí. Mojeed, àbúrò rẹ̀ tó ń hun aṣọ òkè n'Ísẹ́yìn, fi ọwọ́ dá a dúró láyà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sin tiyín. Ẹ jẹ́ kí n sin tèmi."

Kò sẹ́ni tó gbèjà rẹ̀. Òkèèrè ló dúró sí tí wọ́n fi da erùpẹ̀ bo ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí àjálù bá ṣẹlẹ̀ tí wọ́n fi ìwé ìrànwọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ rántí pé ẹ̀mí ènìyàn ló wà nínú ìwé náà. Ẹ má fi irọ́ gba ohun tí ẹlòmíràn ń fi ẹkún wá. Ẹni tó bá ṣe ohun tẹ́nìkan ò ṣe rí, ojú rẹ̀ á rí ohun tẹ́nìkan ò rí rí.