Ọpẹ́ Kan Lóòjọ́

Aago ọwọ́ tí Olódòdó gbé wá kò bàjẹ́. Ọ̀gá Aago ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ó ń gbọ́ ọ tó ń dún kẹ́ kẹ́ kẹ́. Síbẹ̀ ó gbà á, ó ní kí obìnrin náà padà wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ṣọ́ọ̀bù tí obìnrin náà ti ń ta òdòdó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó máa ń na ọwọ́ sórí tábìlì kí wọ́n lè bá a wọn okùn aago, ọkùnrin tó ti ń di nọ́ọ̀tì aago tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ láti ọdún mẹ́tàlélógún yóò sì máa wá èyí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kiri abẹ́ tábìlì. Díákónì ni. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà. Ebi pa á, ọwọ́ yẹn ò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ló bá gba ọ̀dọ̀ alàgbà ìjọ wọn lọ, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń rẹ́ pákó lẹ́yìnkùlé.

“Bàbá, obìnrin kan ń wọ̀ mí lójú.”

“Ṣé ìyàwó ẹ ni?”

“Rárá, sà.”

Alàgbà gbé ayùn sílẹ̀. “Ṣé o ti ṣe nǹkan kan?”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!”

“Ó dáa. Bó o ṣe ń bá èrò yẹn jà, obìnrin náà lò ń wò. Ìgbàkígbà tó bá ti wá sọ́kàn ẹ, dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ohun kan lára ìyàwó ẹ. Tó o bá délé, kó o sọ ọ́ fún òun náà. Ọ̀kan lóòjọ́. O ò sì gbọdọ̀ sọ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.”

“Bàbá, ọdún mọ́kàndínlógún rèé tá a ti fẹ́ra wa.”

“A jẹ́ pé ó pọ̀ nílẹ̀ nìyẹn.”

Olùkọ́ ni ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Mọ́mì, o ṣé tó o máa ń ká táwẹ̀ẹ̀lì wa dáadáa.”

Obìnrin náà gbójú sókè. “Dádì, kí lẹ fọ́?”

“Mi ò fọ́ nǹkan kan.”

“Ẹ lọ wò ó dáadáa.”

Lọ́jọ́ kejì, ó dúpẹ́ pé obìnrin náà máa ń bá rédíò jiyàn. Lọ́jọ́ kẹta, ó dúpẹ́ pé kì í fi òun rẹ́rìn-ín bí òun bá ń kọrin.

“Mo máa ń rẹ́rìn-ín o,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti ń rín in.”

Àmọ́ nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ọ̀gá Aago dúpẹ́ pé kò sí ọjọ́ Sunday kan tí kì í pe ìyá òun lórí fóònù. Obìnrin náà dìde, ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ṣí omi ẹ̀rọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju ẹni tó ń fọwọ́ lọ.

Ọkùnrin náà rọra lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, ó ń tẹ́tí. Ó ti mọ̀, ló ń rò. Ẹnì kan ti tú àṣírí Olódòdó fún un.

Síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró, nítorí oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Kí Olódòdó tó na ọwọ́ tán, ọkàn Ọ̀gá Aago á ti sáré lọ sílé, á máa wá èyí tí kò tíì sọ.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, Olódòdó gbé ìwé pélébé ka iwájú rẹ̀. “Aago ara ògiri mi ti dákẹ́. Àdírẹ́sì ilé nìyẹn. Ẹ wá wò ó lọ́la ní aago mẹ́rin. Kò ní sí ẹnikẹ́ni nílé.”

Ó yẹ kó dá ìwé náà padà. Àpò àyà ló fi í sí.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́ta ààbọ̀, ó gbé àpótí irinṣẹ́, ó sì gba ọ̀nà ibẹ̀. Ní oríta, ó dúró wá ọpẹ́ ọjọ́ náà. Kò rí i. Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ku díẹ̀ kó gbé ẹsẹ̀ nígbà tó rántí ọdún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú rẹ̀. Odindi oṣù mẹ́ta ni kò fi ríran ṣiṣẹ́. Lójoojúmọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bá jáde níléèwé, ṣọ́ọ̀bù ló ń gbà lọ. Á tẹ́ aṣọ funfun, á to nọ́ọ̀tì bí wọ́n ṣe tóbi sí, á máa fi wọ́n sí i láàárín ìka lọ́kọ̀ọ̀kan: “Èyí ni ti ẹ̀yìn. Èyí ni ti ẹ̀gbẹ́.” Kò dúpẹ́ rẹ̀ rí. Kò tilẹ̀ kà á sí.

Ó fa fóònù yọ. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé aago yín fún ẹlòmíì. Mi ò ní lè wá, lónìí tàbí lọ́jọ́ mìíràn.”

“Ó dákẹ́ lóòótọ́ o,” ni Olódòdó wí.

“Mo gbọ́, mà.”

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Ìyàwó rẹ̀ dúró ní pálọ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, báàgì léjìká, ó ti kun àtíkè.

“Dádì! Ẹ tètè dé.”

“Ṣé ò ń jáde ni?”

“Mo fẹ́ yà síbì kan.”

Kò béèrè ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kún ẹnu rẹ̀. Ó sọ ti aṣọ funfun, ó sọ ti nọ́ọ̀tì àárín ìka. Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀, òun ì bá ti pa iṣẹ́ náà tì. Báàgì yọ̀ kúrò léjìká obìnrin náà. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà kan, ó sì bọ́ ìkejì.

Ọ̀gá Aago wá kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Olódòdó, títí dé orí àdírẹ́sì inú àpò. Ó ń retí ariwo. Ìyàwó rẹ̀ gbá orí rẹ̀ mọ́ra, ó sì bú sẹ́kún, ẹkún tó pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ.

“Ṣé o dárí jì mí?”

“Ẹ dìde, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi.”

Lákòókò yẹn gan-an, ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan ní òdìkejì ìlú, ọkùnrin kan jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ilẹ̀kùn, ó ń retí ìyàwó Ọ̀gá Aago, tó ti ṣèlérí fún un láti oṣù tó kọjá pé lónìí ni òun yóò wá.