Yàrá Tí Káfíńtà Pèsè Sílẹ̀

Nígbà tí odò kún àkúnya tí omi sì ya wọ ilé, káfíńtà kò dààmú. Ó kó ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjèèjì gòkè lọ sí yàrá tí ó ti ń pèsè sílẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìrẹsì wà níbẹ̀, ẹ̀wà wà níbẹ̀, bísíkíìtì, oògùn ibà, àbẹ́là, sítóòfù, àti kéèègì omi mímu tí ó tò mọ́ ògiri. Láti àná tí rédíò ti kéde ìjì ni ó ti kan àwọn pákó mọ́ fèrèsé, tí ó gbá ìṣó wọn títí orí ìṣó fi rì. Ó wá ti ilẹ̀kùn, ó sì to àpò ìrẹsì dí i lẹ́yìn.

Díákónì ni nínú ìjọ. Ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń ru kéèègì wọlé, ẹlẹ́yà ni àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣe. Télọ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn ló sọ ọ́ ní Bàbá Nóà.

"Bàbá Nóà, ẹranko méjì-méjì dà? Ẹ bá mi gba àyè sílẹ̀ fún ewúrẹ́ mi o!"

"Máa rẹ́rìn-ín," ni káfíńtà dá a lóhùn. "Lọ́jọ́ tó bá dé, má wá kan ilẹ̀kùn mi. Àwọn wúńdíá ọlọ́gbọ́n kò fún àwọn òmùgọ̀ ní òróró."

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ. Òun àti ìyàwó télọ̀ jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ìwé orin kan náà ni wọ́n jọ ń wò.

Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n inú yàrá ṣú bí inú ìkòkò. Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ náà, tí ibà ń ṣe, sùn lórí àpò ẹ̀wà. Ìyàwó fọwọ́ kan ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Bàbá wọn, omi ti ń gba àárín pákó ilẹ̀ yọ."

"Yóò dúró. Ọlọ́run kì í dójú ti ẹni tó múra sílẹ̀."

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ tí àwọn kan ń lu fèrèsé láti ìta.

"Bàbá Nóà! Ẹ ṣí i! Ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run, ẹ ṣí i!"

Ohùn télọ̀ ni. Káfíńtà mi orí.

"Ojú fèrèsé ni wọ́n wà," ìyàwó sọ jẹ́ẹ́. "Kí ni wọ́n dúró lé?"

"Òrùlé ilé ìdáná. Kò sí ibi tí ebi kò lè mú èèyàn gùn." Ó gbé ohùn sókè. "Kò sí àyè!"

"Àyè wà!" ni télọ̀ kígbe, òjò sì gbé ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Káfíńtà rẹ́rìn-ín kíkorò. "Ẹ gbọ́ mi. Ó dúró síta, ó ń bá mi wọn yàrá mi. Ó rò pé aṣọ ni."

"Mọ́mì, ọmọ wà lọ́wọ́ wọn," ni àkọ́bí wọn obìnrin sọ. "Mò ń gbọ́ ẹkún rẹ̀."

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí á gba ìyá àti ọmọ nìkan."

"Bí o bá ṣí i fún ẹnì kan, gbogbo àdúgbò ni yóò wọlé. Ṣé omi tí àwọn ọmọ rẹ máa mu ni kí n fi ṣe sàráà? Wọ́n gbọ́ nígbà tí mo sọ fún wọn."

Fèrèsé tún ń dún. Obìnrin náà kò lè fara dà á mọ́. Ó mú páálí bísíkíìtì kan, ó ti ọwọ́ gba àlàfo tó wà lábẹ́ pákó ìsàlẹ̀. Òjò lu ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ mìíràn bá tirẹ̀. Bísíkíìtì bọ́, ó já sómi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọwọ́ náà sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin.

"Mi ò ní fi ọwọ́ yìí sílẹ̀!" Ìyàwó télọ̀ ni. "Mi ò ní fi í sílẹ̀!"

Ẹ̀rù ba ìyàwó káfíńtà. Ó fà, wọ́n fà. Káfíńtà di ìbàdí rẹ̀ mú, ó fi gbogbo agbára fà á padà, pákó sì bó ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé o ti wá rí i? Oúnjẹ lo nà sí wọn, ọwọ́ ni wọ́n gbá mú. Wọ́n fẹ́ fà ọ́ síta kí àwọn lè wọlé."

Obìnrin náà fi ìró wé ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì kígbe fúnra rẹ̀: "Ẹ lọ! Ẹ fi wá sílẹ̀, ẹ máa lọ!"

Wọ́n ṣì lu fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. Ọkùnrin kan ń bú, obìnrin kan ń sunkún. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó kù bí kò ṣe òjò.

Káfíńtà kúnlẹ̀ láti dúpẹ́, omi sì dé itan rẹ̀. Ó dìde. Ó gbé àwọn ọmọ sórí àpò tó ga jù, ó ń ka Sáàmù, ohùn rẹ̀ sì di tín-ín-rín. Kéèègì bẹ̀rẹ̀ sí léfòó. Ìyàwó béèrè òòlù tí wọ́n lè fi yọ pákó fèrèsé. Òòlù wà nínú ṣọ́ọ̀bù, nísàlẹ̀. Obìnrin náà yọ ẹsẹ̀ sítóòfù, ó tì í bọ àlàfo abẹ́ pákó náà, ó sì gbé gbogbo ara lé e. Ọkọ rẹ̀ fi Sáàmù sílẹ̀, ó wá bá a tì í.

Nígbà tí pákó kan yọ kúrò tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wọlé, wọ́n rí ọkọ̀ ojú omi kan tó ń yí igun òpópónà lọ, télọ̀ ń wà á, ìyàwó rẹ̀ kọjú sẹ́yìn sí wọn, àwọn ará àdúgbò há mọ́ra wọn, àwọn mìíràn dúró, síbẹ̀ bẹ́ǹṣì kan tó gba ẹni mẹ́rin ṣófo láàárín, tí ẹnikẹ́ni kò gbà láti jókòó sí.